Ṣíbí Tó Wà Lórí Erékùṣù

Ọkùnrin kan wà tó ń tún aago ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, nínú ṣọ́ọ̀bù tó há débi pé bí oníbàárà méjì bá dé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró síta. Aago ògiri kún inú rẹ̀ bámúbámú, kò sì sí èyí tí àkókò rẹ̀ bá ti èkejì mu. Bí ẹnikẹ́ni bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á ní aago tí ara rẹ̀ kò tíì yá, kò yẹ kí èèyàn fipá mú un sọ òótọ́.

Bàbá Ṣíbí ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ni ìnagijẹ yẹn. Láti kékeré lọmọ náà ti máa ń mú ṣíbí lọ́wọ́ tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ kiri ilé ìdáná, tí á máa tọ́ ohunkóhun tó bá wà lórí iná wò, ì báà jẹ́ omi gbígbóná lásán. Nígbà tó dàgbà, iṣẹ́ kúùkù náà ló ṣe, nínú ọkọ̀ òkun tó ń kó símẹ́ńtì.

Ìjì ló gbé ọkọ̀ náà rì. Wọ́n rí òkú àwọn kan, wọn ò rí ti Ṣíbí. Wọ́n wá a títí, àwọn tó ni ọkọ̀ sì kọ̀wé pé àwọn bá ẹbí kẹ́dùn. Àwọn àgbà ló sọ pé ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù lọ, ṣùgbọ́n ìyá Ṣíbí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wà láàárín méjì. Ó sunkún débi tí ohùn rẹ̀ fi lọ, lẹ́yìn náà ló kó aṣọ ọmọ rẹ̀ jáde, ó pín in, ó tú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ palẹ̀, ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé omi ti gba ọmọ àwọn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìrètí tan òun jẹ. Ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ kò sunkún, kò sì gbà. Ó kàn ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń bọ̀.

Àbúrò Ṣíbí, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ nílùú mìíràn, ló fi àwòrán tí sátẹ́láìtì ń yà láti ojú sánmà han bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Ohun tó wà lọ́kàn ọmọ náà kò ju pé kí bàbá òun rí òrùlé ọsibítù tí òun ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá rẹ̀ wo òrùlé náà, ó yìn ín, ó sì bi í léèrè bóyá òkun tí ọkọ̀ Ṣíbí rì sí wà níbẹ̀. Ó ní ó wà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni ọmọbìnrin yìí wá kábàámọ̀ gidigidi lẹ́yìn náà.

Láti ìgbà náà, fóònù ló ń wà lórí tábìlì láàárín àwọn sìpíríǹgì àti ọwọ́ aago. Ọkùnrin náà á há dígí kékeré tó fi ń wo inú aago mọ́ ojú, á sì máa yẹ àwọn erékùṣù tó yí ibi tí ọkọ̀ ti rì ká wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tójú ń rí níbẹ̀ kò kéré. Ó rí ilà dúdú kan tó gún régé, tó gba àárín omi kọjá bíi pé ẹnì kan fi rúlà fà á, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ṣàlàyé pé ibi tí wọ́n ti so àwòrán méjì pọ̀ ni. Ó tún rí ẹyẹ ńlá kan tí òjìji rẹ̀ pupa níhìn-ín, tó jẹ́ búlúù lọ́hùn-ún. Ọkọ̀ òfurufú ni, ẹ̀rọ ayàwòrán ló mú un bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ń ṣàlàyé, àárẹ̀ sì ń hàn nínú ohùn rẹ̀. Ó ní kí bàbá òun jọ̀ọ́ sinmi. Ta ní fẹ́ sinmi?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rí i. Erékùṣù kékeré kan tí kò ní igi ni, tí àpáta yí ká. Láàárín iyanrìn rẹ̀ ni òkúta dúdú to ara wọn jọ ní róbótó, ilà gígùn kan sì jáde láti ara rẹ̀. Ó yí fóònù síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Ṣíbí ni. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa wọn pàápàá, bó bá rí i, á pè é ní ṣíbí.

Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó forí lé ilé. Ìyàwó rẹ̀ kọ̀, kò fẹ́ wò ó. Ó ní ẹni tó sọ ọmọ nù á rí ọmọ rẹ̀ nínú ìkùukùu. Ọkọ rẹ̀ kò bá a jiyàn, ó kàn gbé fóònù náà sí i lórí itan. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, obìnrin náà wolẹ̀ wò ó.

“Ta ló ṣe èyí?” ló béèrè.

“Ta ni ìwọ náà rò pé ó ṣe é?”

Obìnrin náà fi ọwọ́ tọ ilà gígùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwòrán náà sì sáré kúrò lójú fóònù, ni ẹ̀rù bá bà á bíi pé òun ti bà á jẹ́.

Bí ìgbàgbọ́ ṣe wọ ilé náà nìyẹn. Ìyá Ṣíbí, tó ti ní kí ẹnikẹ́ni má tan òun jẹ, wá ṣáájú ọkọ rẹ̀ sáré. Ó to bẹ́ẹ̀dì tó ti tú palẹ̀ padà, ó ra aṣọ ìbora tuntun, ó sì lọ bẹ ọmọ àbúrò rẹ̀ kan kó dá ẹ̀wù òtútù Ṣíbí padà. Orin tí kò ti kọ láti ìgbà pípẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí jáde láti ilé ìdáná. Bí ọkọ rẹ̀ bá ń ṣiyèméjì láàárọ̀, tó bá gbọ́ orin yẹn, ọkàn rẹ̀ á tún le.

Bàbá Ṣíbí wá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìrìnnà ọkọ̀ ní èbúté. Ó ti múra ìjà lọ, nítorí ó rò pé wọn á lé òun jáde. Wọn ò lé e. Obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ fún un ní àga, ó fún un ní omi, ó sì gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ló ṣí erékùṣù náà lórí kọ̀ǹpútà, ó rí ṣíbí náà, ó sì mí kanlẹ̀.

“Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé a lè rí bí ibẹ̀ ṣe rí láwọn ọdún tó ti kọjá?”

Kò mọ̀. Obìnrin náà tẹ ẹ̀rọ, àwòrán sì ń rọ́pò ara wọn. Ìkùukùu wá, ó lọ. Iyanrìn etí omi fẹ̀, ó tún tínrín. Ṣíbí náà kò yẹsẹ̀. Obìnrin náà tọ́ka sí ọjọ́ tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀: ṣáájú kí ọkọ̀ tó rì ni. Ọkùnrin náà ní kó tún lọ sẹ́yìn sí i. Ó lọ. Wọ́n lọ títí dé ìgbà tí Ṣíbí ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ sílé ìwé, àwọn òkúta náà wà níbẹ̀ kedere, ní róbótó, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ gígùn.

“Kí wá ni nǹkan náà?” ló béèrè.

“Mi ò mọ̀, Bàbá. Ó lè jẹ́ pé àwọn apẹja ló tò ó nígbà kan. Ó sì lè má jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn rárá.”

Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n ṣáà rán ọkọ̀ lọ wò ó, nítorí ẹni tí omi gbé síbẹ̀ lè bá ṣíbí náà níbẹ̀. Obìnrin náà fara balẹ̀ sọ fún un pé àwọn tó wá ọkọ̀ náà kiri gúnlẹ̀ sí erékùṣù yẹn lọ́sẹ̀ tí ìjì náà jà gan-an. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni. Kò sí omi mímu níbẹ̀, kò sì sí ibòji. Ọkùnrin náà wá ẹni tí yóò bá jà nínú yàrá yẹn, kò rí. Ó dúpẹ́, ó sì jáde.

Nínú bọ́ọ̀sì, ó rò ó pé òun á parọ́. Òun á ní wọ́n ti fẹ́ rán ọkọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ilé, tó bá ìyàwó rẹ̀ tó ń lọ kọ́tìnnì yàrá ọmọ, ojú obìnrin náà kò kúrò lára rẹ̀, kò sì lè pa irọ́ náà. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà gbé áyọ́ọ̀nù dìde kó má jó aṣọ, ó sì yọ ọ́ lára iná.

“Mo ti sin ín, Bàbá Ṣíbí,” ló wí, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè. “Mo ti sin ín. Ẹ̀yin lẹ hú u jáde. Báwo ni mo ṣe máa tún un sin báyìí?”

Ọkọ rẹ̀ ní òun ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí.

Ọmọ wọn obìnrin wá, ó lo ọjọ́ díẹ̀ pẹ̀lú wọn, ó sì gba fóònù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Bàbá náà kò janpata. Àwọn ará àdúgbò ń sọ pé ó máa tó fúyẹ́, pé ìgbà ló ń wo ọgbẹ́ sàn. Ìgbà kọjá, kò fúyẹ́. Ó ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ó lè tú aago kan sílẹ̀ kó má rántí bí yóò ṣe tò ó padà mọ́, àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé tiwọn lọ síbòmíràn. Ìyàwó rẹ̀ kó lọ sí yàrá ọmọ. Orí bẹ́ẹ̀dì tó tò yẹn ló ń sùn, tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ọ̀rọ̀ tó kù láàárín wọn kò ju pé iyọ̀ ti tán, tàbí pé omi ti dé nínú ẹ̀rọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan tí òjò ń rọ̀, ọkùnrin náà kan ilẹ̀kùn yẹn. Obìnrin náà ṣí i, kò lé e, ó sì súnra fún un díẹ̀. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn méjèèjì jọ ń wo fèrèsé, òjò ń rọ̀ títí ó fi dá. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, obìnrin náà ní kó dìde kó máa lọ, òun fẹ́ ti ilẹ̀kùn.