Màmá Róbótó àti Ilé Mẹ́ta tí Wọ́n Yà Sílẹ̀

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ Màmá Róbótó á rò pé nítorí ara rẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Irọ́ kọ́, obìnrin náà sanra, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó ń kọ́ ló fún un lórúkọ yẹn, nítorí róbótó ńlá tó máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fà sílẹ̀ kíláàsì láràárọ̀.

Èmi ni mo ń kọ́ kíláàsì tó tẹ̀lé tirẹ̀. Pákó lásán ló pín wa, pákó náà kò sì kan òrùlé, kò sí ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún tí mi ò gbọ́. Inú máa ń bí mi gan-an. Àwọn ọmọ tèmi jókòó lórí bẹ́ńṣì, wọ́n dákẹ́. Lọ́hùn-ún, bí ẹni ń lé adìẹ ni.

Ilé mẹ́ta ló máa ń yà. Róbótó ni ilé O, onígun mẹ́ta ni ilé A, onígun mẹ́rin ni ilé E. Bó bá ti ké “O-o-o!”, gbogbo wọn á sáré bẹ́ sínú róbótó, wọ́n á há mọ́ra wọn, wọ́n á máa pariwo O títí èémí á fi tán nínú wọn. Bó bá di A, wọ́n á yanu bí ẹni tó jókòó síwájú dókítà eléyín. Òun náà kì í sì í dúró lójú kan. Bó ṣe ń pè é ló ń jó o: ìdí ń lọ, orí ń lọ, àgbọ̀n ń lọ.

Mo bi í léèrè nígbà kan pé kí ló dé tí kò kó wọn jókòó bí ọmọ ènìyàn. Ó ní ẹgba ni wọ́n fi kọ́ òun ní A lórí bẹ́ńṣì, pé títí dòní, bí òun bá rí A, ẹ̀yìn òun á ta òun. Mi ò tún bi í mọ́.

Ọmọ bíríkìlà kan wà nínú wọn, ọmọbìnrin kékeré tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tó ti wọ ilé-ìwé wa. A ti gbà pé bóyá odi ni. Inú róbótó yẹn ló ti kọ́kọ́ lanu. O ló sọ. Màmá Róbótó sunkún wá bá mi lọ́jọ́ náà, ó dì mọ́ mi, ó fi ṣọ́ọ̀kì ba búláòsì mi jẹ́.

Ìgbà tí ọ̀gá ilé-ìwé wá wo kíláàsì rẹ̀ ni wàhálà dé. Ọ̀gá ní kí Màmá lọ jókòó sẹ́yìn, kí òun fúnra òun pè é. Ọ̀gá wa kì í mì, bí òpó iná ló ṣe ń dúró. Ó ní, “O.”

Kò sẹ́ni tó sáré. Wọ́n ń yíjú kiri, wọ́n ń wá Màmá wọn. Àwọn kan bá kó wọ ilé A, àwọn kan lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ bíríkìlà ki ọwọ́ bọ ẹnu. Ọ̀gá pe A, wọ́n wọ ilé E.

Ọ̀gá ní, “Ìyá, eré yìí dùn, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n mọ̀? Mò ń padà bọ̀ ní Fúráìdè. Bí kò bá yé wọn nígbà náà, a ó kó bẹ́ńṣì wọlé.”

Bó ṣe jáde tán, Màmá Róbótó dìde, ó ké “O!” Gìrì, gbogbo wọn ti wà nínú róbótó. Ó ké A, ó ké E. Ẹyọ kan ò ṣìnà. Mo ti gun àga, mo yọjú lórí pákó, mo fi ojú ara mi rí i.

Ó gbójú sókè wò mí. “Àbúrò, kò yé mi.”

“Àwọn ọmọ yín ló ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Àwọn tí kò lè so okùn bàtà ni wọ́n á gbìmọ̀ pọ̀?”

Ó ní ẹ̀rù ọ̀gá ló bà wọ́n. Èmi wá pè é, wọ́n ṣìnà. A pe mẹ́gáàdì, ẹni tí wọ́n máa ń gùn bí ẹṣin, wọ́n tún ṣìnà, mẹ́gáàdì sì ní òun ò fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìwé kan òun. Màmá nu ilẹ̀, ó tún ilé náà yà kí ó hàn dáadáa. Pàbó. Bí òun bá sì ti pè é, wọ́n á gbà á bí ẹni gba omi mu. Ọ̀rọ̀ náà tojú sú wa. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ó wá ní bóyá ohùn òun ni wọ́n mọ̀. Ó bọ́ sí kíláàsì tèmi, ó dúró lẹ́yìn pákó, ó ké “O!” Àwọn ọmọ tèmi bú sẹ́rìn-ín. Lọ́hùn-ún, gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Ìgbà tó yá, a gbọ́ ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́. Wọ́n ti gba ẹnu ọ̀nà yí wá, wọ́n rọ́ yí i ká. Ọmọ bíríkìlà na ọwọ́ méjèèjì, ó di àgbọ̀n Màmá mú, ó sì yí i sí ọ̀nà ibi tí róbótó wà.

“Màmá, ẹ wo ibẹ̀, ká lè lọ.”

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Àwọn ọmọ yìí ti gba èyí gbọ́ jù. Ibi tí àgbọ̀n Màmá bá kọ sí ni wọ́n ń sáré lọ, bí ẹnu rẹ̀ bá ṣe rí ni tiwọn náà ń rí.

Ó rọra jókòó sórí bẹ́ńṣì mi. “Èmi ni wọ́n mọ̀,” ó ní. “Wọn ò mọ O rárá. Àbí ó yẹ kí inú mi dùn ni?” Mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ṣe mí.

Lọ́jọ́ kejì, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó fi gèlè bo ojú, ó dúró gbọnrangandan. Ó ní kí wọ́n bọ́ bàtà, kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ tọ ojú ìlà: ẹni tí kò bá bá igun pàdé, ilé O ló wà. Ẹkún sọ. Àwọn kan ń fa gèlè náà. Ọmọ bíríkìlà di síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀, Màmá náà sì ń sunkún lábẹ́ gèlè láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Èmi tí mo ń bínú sí ariwo, ariwo tọjọ́ yẹn dùn mí.

Fúráìdè dé. Ọ̀gá ní kí Màmá bọ́ sọ́dọ̀ mi kí òun tó pe ohunkóhun. Màmá kọ ẹ̀yìn sí pákó, ó dijú. Èmi gun àga mi.

Ọ̀gá ní, “O.”

Wọ́n dúró. Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà, wọn ò rí i. Ọmọ bíríkìlà wo ẹnu ọ̀nà náà títí, mo rò pé ẹkún ló kàn. Ó wá wolẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kan ìlà ṣọ́ọ̀kì, ó tọ̀ ọ́ lọ, ó tọ̀ ọ́ bọ̀, kò bá igun kankan pàdé. Ó bọ́ sínú rẹ̀. “O,” ó ní, wẹ́rẹ́. Àwọn tó kù fi ẹsẹ̀ wá tiwọn. Àwọn kan ṣì wọ ilé E. Ọ̀gá họ orí. “Ẹ jẹ́ kí bẹ́ńṣì ṣì wà níta ná,” ó ní, ó sì jáde.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ròyìn fún Màmá.

“Ọmọ bíríkìlà ńkọ́? Ṣé ó wá mi?”

“Ó wá yín.”

“Nígbà tí kò rí mi?”

“Ó lọ.”

Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Mo ní, “Màmá, ẹ dákẹ́, ṣebí ohun tí ẹ ń fẹ́ nìyẹn.”

“Òun náà ni,” ó ní. “Kí ló wá ń dùn mí, àbúrò?”

Lódìkejì pákó, wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo O, kò sì sẹ́ni tó pè é.