Ọwọ́ Àgbà Nínú Igbá Omi

Nígbà tí ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Lalupon kọjá, àgbẹ̀ kan wà ní abúlé kan lẹ́bàá ibẹ̀ tí ń jẹ́ Ògúntúyì. Nínú gbogbo iyì àgbà, ẹyọ kan ṣoṣo ló ń wu ọkùnrin yìí: kó jẹ́ òun ni yóò máa kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ igbá omi tí gbogbo ilé jọ ń lò bí wọ́n bá fẹ́ jẹun. Ó pẹ́ tó ti ń fi ìdọ̀tí ọwọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wẹ ọwọ́. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn nínú wọn papò dà, inú rẹ̀ bàjẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ìbànújẹ́ náà kò dé àkókò oúnjẹ alẹ́.

Bó ṣe gorí àlééfà ni wolé-wolé ìjọba dé láti Ìbàdàn. Ó ní kí wọ́n máa bu omi sí olúkúlùkù lọ́wọ́. Ó ní kòkòrò kan wà tí ojú kò lè rí, tó ń ti inú ìgbẹ́ aláìsàn lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tó ń ti ọwọ́ bọ́ sómi, tó ń gba ẹnu wọlé, a sì máa bí sí i nínú ìfun títí ìfun á fi máa ṣẹ̀jẹ̀. Ó ní ẹni tí ara rẹ̀ ti yá pàápàá ṣì lè máa gbé e kiri.

Ògúntúyì rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ní í bá àgbà jẹun. Níbo lo ti gbọ́ pé wọ́n ń yẹ ọwọ́ àgbà wò?”

Bẹ́ẹ̀ ìgbẹ́ ọ̀rìn ẹlẹ́jẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá òun gan-an dùbúlẹ̀ lóko ni. Ó mu àgbo, ara rẹ̀ yá, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Èyí tó mì níkùn tirẹ̀, ewé ló fi nù ún, ó sì kọrí sílé wá jẹun.

Kò pẹ́ tí ilé fi dàrú. Ajíbádé àbúrò rẹ̀ ń ya ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọ kò kúrò ní ààtàn mọ́. Ògúntúyì nìkan ló ń rìn kiri, tí ara rẹ̀ ń dán, tó ń kí wọn kú ìrọ́jú. Ara dídán yìí ló kó bá a. Wọ́n ní oṣó ni. Wọ́n bó èèpo igi obò tí wọ́n fi ń dán oṣó wò, wọ́n rẹ ẹ́ sómi, wọ́n ní kó mu ún: bó bá mọ́, yóò bì í, bí kò bá mọ́, ó dìgbà.

Ògúntúyì wo omi pupa náà. Ó mọ àwọn tó mu ún rí, kò mọ ẹni tó bì í. Ẹ̀rù bà á dọ́kàn.

“Ẹ dúró! N kì í ṣoṣó! Èmi náà ṣu ẹ̀jẹ̀ lóko! Kòkòrò wolé-wolé ló wà lọ́wọ́ mi!”

Ajíbádé gbórí sókè lórí ẹní. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣu, ẹ ò sọ, ẹ wá ń ki ọwọ́ bọ omi ṣáájú wa?”

Wọ́n da obò nù. Nígbà tí ara gbogbo wọn yá, wọ́n jókòó, wọ́n sì fi ọgbọ́n yanjú ọ̀ràn náà: àbíkẹ́yìn ilé ni yóò máa kọ́kọ́ wẹ ọwọ́, Ògúntúyì ni yóò máa wẹ̀ kẹ́yìn. Òun alára ló wá ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bu omi sí olúkúlùkù lọ́wọ́, bí ọmọ ìjọba ṣe wí. Wọ́n ní igbá kan ni bàbá àwọn fi sílẹ̀, inú rẹ̀ ni gbogbo àwọn yóò ti máa wẹ ọwọ́, àwọn ò ní ba ilé jẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, igbá yí gbogbo ilé po kó tó kàn án. Ó wo inú rẹ̀, ó wo iyán, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní òun ń gbààwẹ̀. Gbogbo wọn mọ̀ pé Ògún ló ń bọ.