Ààwẹ̀ Orí Òkè Oníná

Ilẹ̀ tẹ́jú lọ́dọ̀ wa. Láti Upney ní London tí mò ń gbé títí dé Becontree Heath níbi tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé, béèyàn bá ju ọsàn kan sílẹ̀ lójú títì, ibi tó bá bọ́ sí náà ló máa wà, kò ní yí lọ síbì kankan. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ọmọ Èkìtì ni wá, òkè la fi ń mọ̀nà ilé. Nígbà tá a wà ní kékeré, tí ọ̀ràn kan bá ti wúwo ju ohun tí àdúrà inú ilé lè gbé, ìyá wa á fà wá lọ́wọ́, a ó gbé ikùn òfìfo gun orí òkè lọ bá Ọlọ́run sọ ọ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá wa lọ, òun náà ló jogún àṣà yẹn, ó sì gbé e wọnú ìjọ Aládùúrà tó ń lọ ní Barking.

Ọ̀ràn tó wúwo lọ́tẹ̀ yìí ni orúnkún rẹ̀. Ó pẹ́ tó fi ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tó ń gbé wọn dìde, tó ń gbé wọn jókòó, orúnkún ọ̀tún ló sì jẹ gbogbo ìyà náà. Dókítà ní àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kí wọ́n fi irin rọ́pò eegun tó ti bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá ọjọ́ fún un, ẹ̀ẹ̀mejì ló ní kí wọ́n sún un síwájú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ̀rù ń ba òun, ṣùgbọ́n èmi tó tọ́ dàgbà mọ̀ ọ́n. Abẹ kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Oorun tí wọ́n máa ń fi abẹ́rẹ́ kunni ṣáájú abẹ ni. Irú oorun bẹ́ẹ̀ ni ìyá wa sùn tí kò jí mọ́.

Ọmọbìnrin mi, tí a bí síhìn-ín tó sì ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ló ní kí àwa mẹ́ta lọ gbafẹ́ níbì kan. Ó gbé fóònù síwájú Big Mummy, bó ṣe máa ń pe ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, ó ń fi àwòrán hàn án. Òkun ni, òkun náà ni, ẹ̀gbọ́n mi sì ń mirí. Ìgbà tó kan Naples, tó rí òkè gàgàrà kan lẹ́yìn ìlú, ó gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé wọ́n máa ń gun èyí?"

"Yes, Big Mummy. Vesuvius nìyẹn. Òkè tó ń yọ iná ni. Ìlú kan wà nísàlẹ̀ ẹ̀ tí eérú ẹ̀ bò mọ́lẹ̀ láyé àtijọ́, Pompeii. Àárọ̀ ni wọ́n máa mú wa wo ìlú yẹn, tó bá dọ̀sán ká gun òkè."

"Èyí ni ká lọ."

Ọmọ mi rò pé ìtàn ayé àtijọ́ ló wù ú. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun ni amọ̀nà wa. Ó so aṣọ pupa mọ́ orí agboòrùn, ó gbé e sókè, a sì tò tẹ̀lé e wọ Pompeii. Ẹ bá mi wo ìlú tí ẹnikẹ́ni ò ráàyè kó ẹrù jáde nínú ẹ̀. Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ títì, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù ti jẹ ojú òkúta náà wọnú bí ìgbà tí omi bá jẹ ilẹ̀. A rí ilé ìyan búrẹ́dì, ààrò rẹ̀ ṣì wà lódindi, ọlọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà ṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ilé tí amọ̀nà bá mú wa dé, kí ẹ̀gbọ́n mi tó gbé ẹsẹ̀ lé ẹnu ọ̀nà, á dúró díẹ̀, á ní, "Àgò onílé o."

Amọ̀nà béèrè ohun tó ń sọ. Ọmọ mi ṣàlàyé pé ó ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ àwọn tó nilé ni. Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Láti ibẹ̀ lọ, tí a bá ti dé ẹnu ọ̀nà kan, á gbé agboòrùn rẹ̀ dúró, á yíjú sẹ́yìn, á dúró de ẹ̀gbọ́n mi kó kí onílé kí gbogbo wa tó wọlé.

Níbi tí wọ́n kó àwọn ère tí wọ́n rọ ní àwòrán àwọn òkú sí, bí wọ́n ṣe ṣubú gẹ́lẹ́ nígbà tí eérú dé, àwọn yòókù ń ya fọ́tò. Ọ̀kan nínú àwọn òkú náà fọwọ́ bojú. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí.

"Ṣé kò wá sẹ́ni tó lè fi aṣọ bò wọ́n ni?"

Oòrùn ti mú gan-an nígbà tá a jáde. Oúnjẹ ọ̀sán wà lára ohun tí wọ́n ṣètò fún wa, wọ́n sì gbé písà wá, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rọra ti àwo tirẹ̀ síwájú mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, tèmi ń bẹ níwájú mi."

"Fi kún un. Ìgbà wo lo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oúnjẹ mi?"

Mo bu díẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ mi ń wò wá. "Big Mummy, ẹ ò jẹun ní hotel láàárọ̀. Ẹ ní inú yín ò fẹ́. Kí lẹ jẹ lálẹ́ àná?"

"Mo mu omi."

"Are you fasting?"

Ẹ̀gbọ́n mi tún ìborí funfun rẹ̀ ṣe. "Ṣé òkè kọ́ la fẹ́ gùn ni? Ta ló ń gbé ikùn kíkún lọ sórí òkè?"

Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ìrìn àjò méjì ló wà nínú bọ́ọ̀sì kan. Fàájì làwa ń ṣe, àdúrà lòun ń bá lọ. Kò tiẹ̀ fi pamọ́ mọ́. Ó ní, "Mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ orúnkún yìí síwájú Ọlọ́run lórí òkè. Tí mo bá gbé e síwájú ẹ̀, màá mọ ohun tí màá wí fún àwọn dókítà. Tí mi ò bá débẹ̀, kí wọ́n gbé abẹ wọn pamọ́, màá máa tiro lọ bẹ́ẹ̀."

Amọ̀nà ti ń gbọ́ bí ohùn wa ṣe ń lọ sókè. Ó wá síbẹ̀, ọmọ mi sì ṣàlàyé fún un. Ó fọwọ́ kan èjìká ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ìyá òun náà máa ń gbààwẹ̀, òun ò fojú kékeré wò ó, ṣùgbọ́n nínú oòrùn yìí, ẹni tí kò bá jẹun kò ní bá òun gun òkè. Kó jókòó sínú bọ́ọ̀sì dè wá.

"Ẹ sọ fún un pé mo ti ń gbààwẹ̀ gun òkè kí wọ́n tó bí i," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Mo ní, "Kì í ṣe orúnkún yìí lẹ fi gùn ún nígbà náà."

Ó wò mí bíi pé mo ṣì wà ní jẹ́léósinmi. Àmọ́ ọ̀nà ti dí mọ́ ọn. Tó bá jẹun, òkè kì í ṣe òkè lójú rẹ̀ mọ́. Tí kò bá jẹun, inú bọ́ọ̀sì ló máa jókòó sí. Ó káwọ́ lé itan.

Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀bẹ kan písà tirẹ̀ ni. Ó gbé ọ̀bẹ náà kalẹ̀.

"Big Mummy, nígbà tí mo ń ṣe A-levels, ta ló gbààwẹ̀?"

"Èmi ni."

"Èmi ńkọ́?"

"Ò ń jẹ chips kiri East Street. Àwọn ará ìjọ máa ń rí ẹ, wọ́n á wá sọ fún mi."

"Ṣé Ọlọ́run gbọ́ àbí kò gbọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi ló fi èsì ìdánwò náà jẹ́rìí níwájú pẹpẹ.

"Okay. Ẹ jẹun. Ẹ gbé ààwẹ̀ yẹn fún mi, èmi ni mo máa bá yín parí ẹ̀."

"Kí lo jẹ láàárọ̀?"

"Coffee."

"Ṣé kọfí loúnjẹ? Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ fún ọmọ yìí kó máa jẹun kó tó jáde." Ó rò ó wò. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ààwẹ̀ ló ń gbé àdúrà o. Mi ò ní la ẹnu mi lókè yẹn. Ìwọ lo máa bá mi sọ ọ́."

Mo rí ojú ọmọ mi bó ṣe yí padà. Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Kérésìmesì nìkan là ń rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, Yorùbá rẹ̀ kò sì ju ti ìkíni àti ti inú ilé ìdáná lọ. Ó ti písà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Okay."

Ẹ̀gbọ́n mi fa àwo rẹ̀ padà níwájú mi, ó wo ibi tí mo ti bù, ó wo ojú mi, ó sì jẹ èyí tó kù tán. Amọ̀nà ní ọ̀dọ́ tí orúnkún rẹ̀ ṣì le lè fara da ebi, ó sì gbà fún ọmọ mi.

Bọ́ọ̀sì gbé wa dé ibi tí títì parí sí. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ni. Òkúta wẹ́wẹ́ dúdú ló wà lójú ọ̀nà, téèyàn bá gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, á yọ́ padà díẹ̀. Èmi wà lápá ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ mi wà lápá òsì. Tá a bá ti dé kọ́nà kan, a ó dúró, á mí, á ní ká máa lọ. Ebi mú kí ètè ọmọ mi gbẹ, ṣùgbọ́n kò ráhùn. Ibì kan wà tí orúnkún náà kọ̀ pátápátá. Ó dì mọ́ apá mi, òógùn bò ó lójú, mo ní ká padà.

"Ta ló bi ẹ́?" ló wí. A tún ń lọ.

Òkè oníná kò ní ṣóńṣó téèyàn lè dúró lé. Etí ihò ńlá kan ni ọ̀nà náà dé, èéfín tín-ín-rín ń yọ lára ògiri rẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ bàtà rẹ̀. Ọmọ mi náà bọ́ tirẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sọ fún un. Wọ́n dúró sórí òkúta gbígbóná, ẹ̀gbọ́n mi dijú, ó ń retí.

Ọmọ náà dijú, ó bẹ̀rẹ̀.

"Ọlọ́run, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni. Mo mọ̀ pé it's been a while. Big Mummy mi fẹ́ ṣe operation. Wọ́n ti gbé àwọn arúgbó tó pọ̀, ẹ̀yin náà rí wọn. Orúnkún ń dùn wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá sùn, ẹ jí wọn. Ẹ máa pè wọ́n títí wọ́n á fi jí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sùn lọ bíi ti Grandma." Ó wá àfikún, kò rí. "Ó ti parí. Ẹ ṣé."

N kò mọ ẹni tó sọ fún un nípa oorun yẹn. Bóyá kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ọmọ tó dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni máa ń gbọ́ ohun tá ò sọ.

"Àmín," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, jẹ́jẹ́. Kò fi nǹkan kan kún un. Ó fi ìborí rẹ̀ nu ojú, ó dì mọ́ èjìká mi, ó ń ti ẹsẹ̀ bọ bàtà.

"Tí a bá délé, bá mi pe ilé ìwòsàn. Sọ fún wọn pé mò ń bọ̀."

A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ mi dì í lápá mú, ó ń fara balẹ̀ yan ibi tó máa gbé ẹsẹ̀ sí fún un.

"Big Mummy, aago mélòó la máa ń ṣínu?"

"Mẹ́fà."

"Aago ibí ni àbí ti London?"

"Ti London," ni ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn. "Ibẹ̀ ni orúnkún náà ti wá."