Ọ̀nà Lálúpọn, Ní Ọdún Tí Ẹnikẹ́ni Kò Borí Wa

Kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì la ti jáde kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Ìbàdàn, àwa méje pẹ̀lú Tíṣà wa. Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tí ètè wa fi là, tí ẹsẹ̀ wa sì funfun bí ẹni tó tẹ ẹfun. Mo fẹ́ ròyìn ìrìn àjò náà fún ẹ̀yin ará ilé, nítorí ọ̀pọ̀ yín ló ti bi mí bí a ṣe borí gbogbo ẹgbẹ́ tó pàdé wa lọ́dún náà, n kò sì tíì dá ẹnikẹ́ni lóhùn tán rí.

Eré tí mò ń wí kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ọwọ́ la fi ń ṣe é. Òyìnbó kan tó ń kọ́ wa ní ìṣirò ló mú un wá. Básíkẹ́ẹ̀tì lorúkọ tó pè é, ìyẹn ni agbọ̀n ní èdè tirẹ̀. A ri òpó gíga méjì mọ́lẹ̀, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, a so agbọ̀n tí àwọn àgbẹ̀ fi ń kó iṣu mọ́ orí wọn, a sì gé ìdí agbọ̀n náà kúrò kí bọ́ọ̀lù lè já bọ́. Ọkùnrin márùn-ún ló ń ṣeré ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ tó bá sì ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n jù ló borí. Òyìnbó náà kò pẹ́ ju ọdún kan lọ tí ibà fi lé e padà sílé, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ kù sí wa lọ́wọ́. Láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, a ti pàdé ẹgbẹ́ mẹ́fà, a sì borí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó wá ku àwọn tíṣà àti akọ̀wé Lálúpọn, tí ẹnikẹ́ni kò tíì borí ní pápá wọn.

Ohun tó ń jẹ́ kí á borí kò pamọ́. Làmídì ni. Ọ̀rẹ́ mi ni, yàrá kan náà la jọ ń sùn. Abà kan lẹ́yìn Ẹ̀gbẹ́dá ni wọ́n ti bí i, ìdílé ìmàle tó ń dá oko kòkó. Ó ga, kì í kánjú, tó bá sì gbé bọ́ọ̀lù sókè, ńṣe ni àwa yòókù máa ń yí padà lọ sí ipò wa, torí a mọ̀ pé ó ti wọlé. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn àjò yìí, bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ pé tó bá ti ṣeré Lálúpọn tán, kí ó máa bọ̀ wálé, kí ó má padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ́. Ó ku ọdún kan péré kí ó gba ìwé ẹ̀rí tíṣà. Nítorí náà ni Tíṣà wa ṣe ní ọ̀nà abà náà la máa gbà lọ, kí òun lè bá bàbá sọ̀rọ̀.

A la odò Ọ̀gbẹ̀rẹ̀ kọjá nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Omi rẹ̀ kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó tutù débi pé ńṣe la sáré gun òkè kejì. Ibi tí ẹ ń pè ní Adégbayì lónìí, oko kòkó àti ilé mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀ nígbà náà. Obìnrin kan jókòó lábẹ́ igi níbẹ̀ tó ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà. Ẹ̀kọ mẹ́rin ni kọ́bọ̀ kan, àkàrà mẹ́ta ni kọ́bọ̀ kan. Ní ìgboro, àkàrà wa fẹ́lẹ́, ó sì ń dún kàràkàrà lẹ́nu. Tirẹ̀ tóbi bí ọwọ́ ọmọdé, ó fi edé sí i. A jẹ ẹ́ pẹ̀lú èéfín iná rẹ̀ lójú wa, a sì gbà pé tirẹ̀ dára ju ti ìgboro lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ebi lè wà nínú ẹ̀rí tí a jẹ́.

Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀nà dí, kòkó gba apá ọ̀tún àti òsì. Ohun kan tí mo ṣàkíyèsí ni bí àwọn ará abà ṣe ń kí èèyàn. Ní Ìbàdàn, agboolé rẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi ọ́. Níbẹ̀, omi ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé fún ọ, wọn a jẹ́ kí o mu ún tán, wọn a wá bi ọ́ bí ọ̀nà ṣe rí. A mu omi ní abà márùn-ún kí a tó dé Ẹ̀gbẹ́dá.

Lẹ́yìn Ẹ̀gbẹ́dá ni ibi bá mi. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe afárá lórí odò kékeré kan níbẹ̀, ewé tútù sì ti bò ó. Mo yọ̀, ọrùn ẹsẹ̀ mi sì rọ́. Kí a tó rìn jìnnà, ó ti wú. Tíṣà tẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí.

Ó ní, "Àyìndé, o kò ní lè ṣeré. Òjó ni yóò gba ipò rẹ."

Òjó ló kúrú jù nínú wa. N kò bínú sí i, ṣùgbọ́n mo sunkún díẹ̀, mo sì ní èéfín àkàrà àárọ̀ ló wà lójú mi.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí a dé abà bàbá Làmídì. Ìyá rẹ̀ ti kú láti kékeré rẹ̀. Bàbá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní tí wọ́n sá kòkó lé, ó ń fi ọwọ́ ṣa á. Arẹwà àgbàlagbà ni, fìlà rẹ̀ mọ́, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun. A dọ̀bálẹ̀ fún un. Èmi ni mo wà níwájú nítorí pé wọ́n mú mi lọ́wọ́. Bàbá na ọwọ́ sí mi, ó dì mí mú, ó ní, "Làmídì, o mà ti ga sí i."

Làmídì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, èmi rèé. Ọ̀rẹ́ mi Àyìndé lẹ dì mú yẹn."

Bàbá ní, "Oòrùn ló tàn sí mi lójú. Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ọ̀nà."

Mo rí kòkó tó ti bu, tó dúdú, nínú èyí tí ó ti ṣà sọ́tọ̀ pé ó dára. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Àwọn aládùúgbò sun iṣu fún wa, wọ́n fi epo àti òkété tí wọ́n ti yan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a jẹun tán, Tíṣà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Ó ní Làmídì ló mọ̀wé jù ní kíláàsì rẹ̀, ó ní ọdún kan kò pẹ́. Bàbá gbọ́ ọ dópin.

Ó ní, "Tíṣà, Ọlọ́run yóò san án fún yín. Ẹ ti kọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n oko yìí tóbi, èmi nìkan ni mo sì wà nínú rẹ̀. Ẹ má bínú sí mi." Ó wá ní, "Lọ́la, èmi náà yóò bá yín dé Lálúpọn. Ó yẹ kí n mọ ohun tí ọmọ mi ń ṣe kí n tó gbà á lọ́wọ́ yín."

Bí bàbá ṣe kírun àsùbáà tán la gbéra. Ó ní kí n fara tì í nítorí ẹsẹ̀ mi. Báyìí ni èmi àti òun ṣe wà lẹ́yìn gbogbo wọn, ọwọ́ rẹ̀ ní èjìká mi. Nígbàkúùgbà tí gbòǹgbò igi bá wà lọ́nà, mo máa ń sọ fún un pé kí a gbé ẹsẹ̀, ó sì máa ń gbé e. Ó bi mí nípa ilé wa, nípa oúnjẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó bi mí bóyá Làmídì ṣì ń kírun. Mo ní ó ń kí i. Inú rẹ̀ dùn.

Lálúpọn nígbà náà jẹ́ ìlú tí èèyàn ń fojú tuntun wò nítorí rélùwéè. Ojú irin náà la ìlú kọjá, ó ń dán, ewúrẹ́ sì ń sùn lórí rẹ̀. Wọ́n mú wa lọ sí pápá lẹ́yìn ilé ìwé, níbi tí èrò ti pé láti ọ̀sán, àgbẹ̀, oníṣòwò, àwọn tó ń gbé ẹrù ní sítéṣọ̀n. Wọ́n wá àpótí kan fún bàbá. Èmi jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, bàbá ní, "Máa sọ ọ́ fún mi. N kò mọ eré yìí."

Mo ń sọ ọ́. Mo ní akọ̀wé kan ló mú bọ́ọ̀lù, ó ń gbá a mọ́lẹ̀ bọ̀. Mo ní Làmídì ti gbà á. Mo ní ó ti wọ agbọ̀n. Adájọ́ fun fèrè, mo ní fáòlù ni, ìyẹn ni pé wọ́n ti ti Òjó lọ́nà tí kò tọ́. Bàbá ń mi orí. Lẹ́yìn náà bọ́ọ̀lù jáde kúrò nínú pápá, ó yí wá, ó sì dúró síwájú ẹsẹ̀ bàbá gan-an. Gbogbo èèyàn ń wò wá.

Bàbá ní, "Ibo ni bọ́ọ̀lù wà báyìí?"

Mo wo ojú rẹ̀. Mo gbé bọ́ọ̀lù náà, mo jù ú padà.

Mo rọra ní, "Bàbá, ẹ kò ríran."

Ó ní, "Mo ń rí ìmọ́lẹ̀. Mo ń rí òkùnkùn. Máa sọ eré fún mi."

Mo ń sọ ọ́. Ó ku díẹ̀ kí eré parí, àwa ní mẹ́sàn-án, àwọn náà ní mẹ́sàn-án. Làmídì gba bọ́ọ̀lù nítòsí agbọ̀n. Ọkùnrin mẹ́ta sáré bò ó. Gbogbo èèyàn rò pé yóò jù ú. Ó fà á sẹ́yìn, ó fi fún Òjó tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, Òjó sì jù ú wọlé. Fèrè dún. A ti borí méje nínú méje.

Bàbá ní, "Ta ló jù ú?"

"Òjó ni, bàbá. Làmídì ló fi fún un."

"Ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi fún ẹlòmíràn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Orúkọ ta ni wọ́n wá ń pè yẹn?"

"Ti Làmídì ni."

Ó tẹ́tí sí i títí ariwo fi rọlẹ̀. Ó wá gbá apá mi mú. Ó ní, "Mo pè é wálé nítorí ojú mi. N kò ní pè é mọ́. Má sọ fún un. Tó bá mọ̀, kò ní padà síwèé."

Mo ní mo gbọ́. Nígbà tí Làmídì wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, òógùn bò ó, bàbá fọwọ́ pa á lórí, ó ní, "Bá wọn padà. Parí ìwé rẹ. Màá wá alágbàṣe." Aládùúgbò bàbá kan tó wá tajà ní Lálúpọn ló mú un padà sí abà kí oòrùn tó wọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin fún wa, sísì, ìyẹn kọ́bọ̀ mẹ́fà, ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. A dúró ní sítéṣọ̀n. Làmídì ń kọrin lábẹ́nu, n kò gbọ́ kí ó kọrin rí. N kò lè wò ó. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò kòkó tí wọ́n kó jọ, mo sì sọ ohun gbogbo fún un.

Ó ní, "Láti ìgbà wo?"

"N kò mọ̀. Ó ti pẹ́ díẹ̀."

"Ó ní kí o má sọ?"

"Ó ní kí n má sọ."

Ó wo ojú irin títí. Lẹ́yìn náà ó yọ aṣọ eré rẹ̀ nínú àpò, ó ká a dáadáa, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Tíṣà, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, Tíṣà sì gbà á mọ́ra. Nígbà tí ọkọ̀ dé, ó ti wà lójú ọ̀nà abà, ó ń yára rìn.

Ìgbà àkọ́kọ́ mi nínú ọkọ̀ ojú irin nìyẹn, ohun tí mo sì rántí nínú rẹ̀ kò ju eruku àti aṣọ eré Làmídì lọ́wọ́ mi lọ. Ní sítéṣọ̀n Ìbàdàn, gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ń dúró dè wá. Wọ́n gbé èmi tí n kò ṣeré sí èjìká nítorí ẹsẹ̀ mi. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tí wọ́n bá pè a dáhùn. Nígbà tí wọ́n pe Làmídì, kò sí ẹni tó dáhùn. Wọ́n tún un pè. Tíṣà ló wá sọ pé, "Ó wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀."

Mo ti rìn jìnnà ju Lálúpọn lọ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti kọ́ pé ọ̀rọ̀ tí a ní kí èèyàn pa mọ́ lè jẹ́ ẹrù ẹlòmíràn. Làmídì sọ fún mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé bí n kò bá sọ fún òun ni, òun ì bá ti di tíṣà, òun ì bá sì kórìíra ìwé tí òun kà. Bàbá rẹ̀ pẹ́ láyé. Ó ń kí mi dáadáa ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ, ṣùgbọ́n kò ní kí n sọ ohun tí mo rí fún òun mọ́, títí ó fi kú. Tí mo bá rò ó, mo máa ń rí i pé àwọn méjèèjì ló jàre.