Eku Tó Bọ́jú Lórí Àtẹ́lẹwọ́ Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni o! Ẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tán ná, kí ẹ tó bá mi kẹ́dùn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ọmọ Aràmọkọ ni mí, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní báyọ́lọ́jì ní Ìjerò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pariwo pé mo fẹ́ lọ ka Másítà nípa ọpọlọ, èyí tí wọ́n ń pè ní neuroscience. Ní Èkìtì wa níbí, ẹni tó ní dìgírì kan ṣoṣo, bí ẹni tó wọ bàtà ẹsẹ̀ kan ló rí lójú àwọn àgbà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gba fọ́ọ̀mù, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn ò tilẹ̀ dá mi lóhùn. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí ni yunifásítì kan wá pè mí fún intafíù. Mo fò sókè!

Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan ló ṣáájú àwọn tó bi mí ní ìbéèrè. Ó ṣàlàyé pé ọ̀nà mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà. Àwọn kan ń fi eku ṣe ìwádìí: wọ́n á kọ́ ọ ní nǹkan, wọ́n á wò ó bóyá yóò rántí, nígbẹ̀yìn wọ́n á pa á láì jẹ́ kó jìyà, wọ́n á yọ ọpọlọ rẹ̀ wò. Àwọn kan ń lẹ wáyà mọ́ orí èèyàn alààyè, pàápàá àwọn àgbà tó ti ń gbàgbé nǹkan. Àwọn tó kù jókòó ti kọ̀ǹpútà látàárọ̀ dalẹ́, wọn ò rí eku, wọn ò rí èèyàn.

Ó ní àyè ti kún lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́wáyà àti àwọn oníkọ̀ǹpútà lọ́dún yìí. Ọ̀dọ̀ eku nìkan ló kù, àyè ẹyọ kan péré. Ṣé mo lè ṣe é?

Èmi kẹ̀? Ṣé èmi ni wọ́n ń bi bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Kí màmá mi tó bí mi ló ti ń ta ẹran ìgbẹ́ yíyan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Aràmọkọ. Òkété, ọ̀yà, èmọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń tà. Àwọn onímọ́tò tó ń lọ sí Ẹ̀fọ̀n àti Ìkògòsì a máa dúró rà á. Ẹran yẹn ló rán mi nílé ìwé. Iye òkété tí mo ti wi irun ara rẹ̀, bí mo bá ní kí n kà á, ilẹ̀ á ṣú.

Ni mo bá la ẹnu. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́! Mo sọ fún wọn pé èmi àti eku, a ti jọ wà tipẹ́. Mo ní kí wọ́n tó ka ení dé èjì, màá ti tú orí òkété palẹ̀. Mo tún ní kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu láti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pa á, àfi tí wọ́n bá fẹ́ kí n kọ́ àwọn gan-an. Ọ̀kan nínú wọn kọ nǹkan sílẹ̀. Mo rò pé máàkì ló ń fún mi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní ó dára, àmọ́ òun kì í gba ẹnikẹ́ni láì jẹ́ kó kọ́kọ́ fọwọ́ kan eku, kí n wá sí lábù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó yí po, màmá mi ti ròyìn fún gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin rere ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀. Ìyá kan pàṣẹ pé gbogbo eku tó bá dìde lòdì sí ògo mi, kó kú lójijì! Mo ṣe àmín tagbáratagbára. Mi ò rántí pé bí wọ́n bá kú lójijì, iṣẹ́ mi ti tán nìyẹn.

Ọjọ́ lábù pé. Bọ̀dá tó ń tọ́jú àwọn eku náà fún mi ní aṣọ funfun àti ìbọ̀wọ́. Mo kọ́kọ́ ya fọ́tò, mo gbé e sórí sítétọ́ọ̀sì, ẹ̀yin náà rí i, ẹ sì kí mi kú oríire. Lẹ́yìn náà ni bọ̀dá rọra gbé eku funfun kan jáde, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, eku náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Gbogbo eku tí mo mọ̀ láyé, bí kò bá máa sá lọ, á jẹ́ pé ó ti gan. Èyí ò sá. Ó jókòó sórí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́jú. Ó nu imú, ó nu etí ọ̀tún, ó nu ti òsì. Ó wá gbójú sókè, ó ń wò mí.

Bọ̀dá ń ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe máa ń lọ, ó ní tó bá ti di ọ̀sẹ̀ kẹjọ... Mi ò gbọ́ ìyókù. Omi ti ń dà lójú mi. Èmi ọmọ ẹlẹ́ran ìgbẹ́! Bọ̀dá nawọ́ kó gba eku rẹ̀, mi ò fún un. Ó ní, "Áńtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi." Mo fà á mọ́yà. Ó ku díẹ̀ kí a wọ̀yá ìjà nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n wọlé bá wa.

Kò bínú. Ó ní kí n lọ sílé lọ rò ó, kí n pe òun lọ́jọ́ Ẹtì. Bí mo bá gbà, àyè náà di tèmi. Bí mi ò bá gbà, ẹlòmíràn ń dúró dè é.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi bọ̀ nílé, irọ́ ni mò ń hun. Ṣé kí n sọ pé wọ́n ti fi àyè náà fún ẹlòmíràn? Àbí kí n kàn gbà á, kí n máa di ojú pa eku? Báwo ni màá ṣe sọ fún ìyá tó fi òkété tọ́ mi pé mi ò lè pa eku kan? Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí mo mọ̀ pé bí èyí bá tún bọ́, ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyẹn.

Mo bá màmá mi níbi tó ti ń yí ẹran padà lórí iná. Mi ò lè pa irọ́ náà mọ́. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, mo wá ń retí èébú.

Kò bú mi. Ó yí ẹran méjì padà. Ó ní, "Ó bọ́jú?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

"Lórí ọwọ́ rẹ?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó fa igi kan jáde nínú iná. Ó wá ní, "Òkú ni àwọn ọdẹ ń gbé gbogbo wọn wá fún mi láti inú ugbó. Mi ò wo ojú ọ̀kankan láàyè rí. Ká ní mo wò ó ni, kí ni ǹ bá fi rán ọ ní ulé ìwé?"

Ojú tì mí. Mo ti ń fi iṣẹ́ rẹ̀ yangàn kiri bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é. Òun ló ṣe é, kò sì rọrùn fún un tó bí mo ṣe rò. Mo jókòó tì í, mo ń bá a fẹ́ iná.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo pe Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo ní mi ò lè ṣe ti eku, gbogbo ohun tí mo sọ ní intafíù, ẹnu lásán ni. Ó dúpẹ́ pé mo tètè sọ ọ́. Ó ní bí mo bá ń wá ti wáyà, kí n padà wá lẹ́ẹ̀mìíì tí àyè bá ṣí, àmọ́ òun ò ṣèlérí kankan. Kí n kọ́kọ́ lọ máa jókòó ti àwọn arúgbó ìlú wa, kí n mọ̀ bóyá ara mi gbà á, kí n má tún wá fi ẹnu yan iṣẹ́.

Nítorí náà, kò sí Másítà lọ́dún yìí o. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Màmá mi ti lọ sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ pé èmi ni mo kọ àwọn ará yunifásítì náà, pé kì í ṣe àwọn ló kọ̀ mí. Àwọn ìyá náà ti ń bá wáyà wí nínú àdúrà báyìí!

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ kàwé sí i, ẹ má wo orúkọ kọ́ọ̀sì nìkan. Ẹ béèrè ohun tí ọwọ́ yín yóò máa ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ sì ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn án kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Ó yá, ó kàn yín. Kí ni ẹnu yín ti gbà rí tí ọwọ́ yín kọ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ má tijú. Ẹni tó bá bọ̀dá jà nítorí eku, ta ló kù tó fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́?