Bàbá Oníwo àti Àgbáǹréré Ẹlẹ́ẹ̀kẹta

Kò sẹ́ni tó bá Bàbá Oníwo ṣiṣẹ́ rí tí kò mọ ìtàn àgbáǹréré ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ káàkiri, bí ẹni pé ọ̀tá rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí.

Irú àgbáǹréré méjì péré ló wà nílẹ̀ Áfíríkà: dúdú àti funfun. Iṣẹ́ bàbá ni láti fi ìwo àti agbárí dá wọn mọ̀, nínú yàrá ẹ̀yìn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan. Àfi bó ṣe rí agbárí kan lọ́jọ́ kan, tí ìwo rẹ̀ tẹ̀ síwájú dípò ẹ̀yìn. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi wọ̀n ọ́n. Ó kọ ogójì ojú-ìwé lé e lórí, ó ní irú kẹta tí ayé ò rí rí nìyí. Ó ti sọ ẹranko náà lórúkọ pàápàá. Orúkọ ara rẹ̀ ni.

Ó pe àwọn ọ̀mọ̀wé jọ, ó ra bàtà tuntun. Bó ti ń ṣàlàyé lọ ràì, ìyá arúgbó kan láàárín àwọn àlejò dìde, ó tú wáyà tí wọ́n fi so ìwo mọ́ agbárí náà, ó yí ìwo ọ̀hún padà, ó sì gbé e sípò. Ìwo náà jókòó síbẹ̀ wẹ́kú.

"Ẹ̀yìn ni wọ́n fi ṣe iwájú," ni ìyá náà wí.

Bàbá wo agbárí, ó wá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà," ó ní, "ẹ bá mi wo bàtà yìí náà, kó má lọ jẹ́ pé ó kọjú sẹ́yìn."

Gbogbo èèyàn ló rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, àfi ẹnì kan ṣoṣo. Àǹtí ni, obìnrin tó ń bá bàbá nu egungun. Ìwo àgbáǹréré kì í ṣe egungun. Bí èékánná ló rí, ó máa ń ṣí kúrò tí agbárí bá gbẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí Àǹtí dé ẹnu iṣẹ́ ló nu agbárí yẹn, tó sì so ìwo rẹ̀ padà. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Ó panu mọ́.

Láti ìgbà náà ni bàbá ti sọ ara rẹ̀ di ohun ẹ̀rín. Àlejò kan bi í léèrè pé ṣé àwọ̀ ni wọ́n fi ń dá àgbáǹréré dúdú àti funfun mọ̀.

"Rárá o, bí eérú ni àwọn méjèèjì rí. Funfun ló lẹ́nu fífẹ̀ tó fi ń jẹ koríko. Ti dúdú, ètè òkè rẹ̀ ló yọ ṣóńṣó bí ìka, òun ló fi ń já ewé."

"Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń pè é ní funfun?"

"Ohun tó mú kí wọ́n máa pè mí ní ọ̀mọ̀wé náà ni."

Nílé, ó fi téèpù wọn orí ara rẹ̀, ó ní agbárí funfun ló máa ń gùn ju ti dúdú lọ, bí tòun sì ṣe gùn tó yìí, ti funfun ni. Ìyàwó rẹ̀ ò gbójú sókè níbi tó ti ń rán bọ́tìnnì. "Àwa ò wọ̀n ọ́n ká tó mọ̀, Bàbá àwọn ọmọ. Ẹnu yín la fi dá a mọ̀."

Ọdún mọ́kànlá kọjá kí Àǹtí tó jẹ́wọ́. Àìsàn ti dá bàbá dùbúlẹ̀ nígbà náà.

"Ọ̀gá, èmi ni mo so ìwo yẹn sódì."

"Mo mọ̀. Ìwọ nìkan ló ń ta wáyà ní kókó méjì."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Ọjọ́ kan péré nìwọ fi ṣàṣìṣe. Èmi fi oṣù mẹ́ta wo àṣìṣe náà, mo ní ó dáa. Ta ló yẹ kí wọ́n lé níbẹ̀?"

Omijé bọ́ lójú Àǹtí, ẹ̀rín sì tún gbà á lẹ́nu.

Nígbà tí bàbá papò dà, Àǹtí ni wọ́n fi sípò rẹ̀. Ó ṣí ìwé tí bàbá ń kọ orúkọ agbárí sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbárí kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti fọ́ débi pé èèyàn ò lè mọ bó ṣe gùn tó, tí kò sì níwo, bàbá kọ "Dúdú", ó fagi lé e. Ó kọ "Funfun", ó tún fagi lé e. Ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Mi ò mọ̀. Àǹtí, bá mi wò ó, ojú rẹ mú ju tèmi lọ."

Àǹtí gbé agbárí náà sọ̀ kalẹ̀, ó wọ̀n ọ́n láti àárọ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ló mú bírò, ó kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ bàbá pé: "Èmi náà ò mọ̀, Ọ̀gá." Kò pa ìwé náà dé. Ó fà á súnmọ́ra, ó sì jókòó tì í.