Ohùn Tí Ọláyanjú Fi Pamọ́

Nínú búlọ́ọ̀kù tí Ọláyanjú ń gbé ní Jakande Estate, Ìsọlọ̀, ẹni tó bá ń wá a pẹ̀lú orúkọ yóò pẹ́ kó tó rí i. Páílọ́ọ̀tì ni gbogbo wọn ń pè é. Àwọn ọmọdé ń pè é bẹ́ẹ̀ tìyanu-tìyanu, àwọn àgbà ń pè é bẹ́ẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, nítorí kò yé wọn ohun tí awakọ̀ òfuurufú ń wá nínú ilé tí omi ẹ̀rọ rẹ̀ kì í gun òkè kejì. Sirajudeen tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe nídìí àkàsọ̀ kì í jẹ́ kó kọjá lásán.

“Páílọ́ọ̀tì, tí bàálù yín bá ń kọjá lórí wa báyìí, ṣé ẹni tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ ní Òkè-Àfá ò lè ké pé ‘ó wà o’?”

Ọláyanjú á rẹ́rìn-ín, á gbọn ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, á máa lọ.

Oko kòkó ló wọ inú iṣẹ́ náà. Bàbá rẹ̀ ta gbogbo ilẹ̀ tó jogún létí Ìkirè kí ọmọ lè lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù. Nígbà tí bàbá ń kú lọ, kò béèrè ọmọ-ọmọ, kò béèrè àlùfáà. Ó ní kí Ọláyanjú mú ìwé-àṣẹ awakọ̀ náà wá kí òun fọwọ́ kàn án. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní, “Oko mi rèé,” ó sì yíjú sí ògiri.

Ṣùgbọ́n ìwé-àṣẹ awakọ̀ òfuurufú kò dà bí ilẹ̀. Ó máa ń kú. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, awakọ̀ gbọ́dọ̀ lọ jókòó sínú símúlétọ̀, ẹ̀rọ kan tí wọ́n kọ́ bí iwájú bàálù, níbi tí wọ́n ti ń dá iná àti ìjì àtọwọ́dá sílẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ṣì mọ iṣẹ́. Addis Ababa ni iléeṣẹ́ wọn, Lékèélékèé, ti ń rán wọn lọ ṣe é. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá kọjá, ìwé rẹ̀ di bébà lásán. Ọgbọ̀njọ́ oṣù Mááṣì ni ọjọ́ ti Ọláyanjú yóò pé.

Nínú oṣù Jánúárì ni lẹ́tà jáde. Awakọ̀ mẹ́rìnlélógún ni wọ́n. Méjìlá yóò lọ sinmi nílé láìgba owó oṣù títí nǹkan yóò fi rọ̀. Ẹni tó bá sì ń sinmi nílé, kò sí ẹni tí yóò rán an lọ sí Addis.

Láàárín àwọn awakọ̀, àṣà kan wà tó ju òfin lọ: ẹni tó dé kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ jáde. Olúkúlùkù mọ nọ́ńbà rẹ̀ bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Nọ́ńbà mọ́kàndínlógún ni Ọláyanjú. Yúníọ̀nù, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀, ní àṣà yẹn ni kí wọ́n tẹ̀lé. Ẹni tó ni iléeṣẹ́, tí gbogbo wọn ń pè ní Alága, ní òun kò mọ yúníọ̀nù kankan rí nínú ilé òun, òun fúnra òun ni yóò yan ẹni tí yóò lọ. Bí ti yúníọ̀nù bá ṣẹ, Ọláyanjú ń lọlé. Bí ti Alága bá ṣẹ, ó lè má lọ. Nítorí náà, nígbà tí Káptéènì Abíọ́lá, olórí yúníọ̀nù níbẹ̀, fún un ní fọ́ọ̀mù láti wọ yúníọ̀nù, ó ká a sínú àpò, kò kọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà.

Nọ́ńbà kejì ni Káptéènì Abíọ́lá. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, ó sì ku ọdún méjì kó fẹ̀yìntì. Òun ló kọ́ Ọláyanjú bí wọ́n ṣe ń fi bàálù balẹ̀ lójú ọyẹ́ láìjẹ́ kí èrò mọ̀ pé ilẹ̀ ti dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní oṣù Fẹ́búárì, àwọn méjèèjì jókòó síwájú bàálù ní Ìlọrin, wọ́n ń retí kí ọyẹ́ là díẹ̀ kí wọ́n lè gbé èrò.

“Yanjú, fọ́ọ̀mù yẹn ńkọ́?”

“Ẹ̀gbọ́n, mo ṣì ń rò ó.”

“Oṣù kan lo ti ń rò ó. Ṣé ìyàwó lo fẹ́ fi fẹ́ ni?”

Ọláyanjú rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin nọ́ńbà kejì lẹ lè máa fi ṣeré, sà. Tí a bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yúníọ̀nù, èmi ni mò ń lọlé.”

“Tó o bá ti ipa àṣà lọ, ipa àṣà náà lo máa gbà padà. Ẹni tí Alága bá fi ojúure mú dúró, ọjọ́ tójú ẹ̀ bá yí padà lonítọ̀hún ń lọ.”

“Ẹ̀yin mélòó lẹ ti fọwọ́ sí i?”

“Méje.”

“Ta ni àti ta ni?”

Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lẹ́yìn tirẹ̀ wà níbẹ̀. Káptéènì sì ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ wá jẹun. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí ara rẹ̀, ó parí rẹ̀ sórí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn, tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó dé láti ìsinmi ìbímọ.

Ọyẹ́ là. Wọ́n gbéra. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ l'Ékòó, tí òrùlé Òkè-Àfá ti ń hàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ wọn, àṣá kan yọ láti ìsàlẹ̀, ó wọ inú ẹ́ńjìnnì ọ̀tún. Bàálù mì. Káptéènì kò pariwo. Ó fi ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo gbé e balẹ̀ bí ìyá tó ń tẹ́ ọmọ sórí ẹní.

Èrò sọ̀kalẹ̀ tán, Káptéènì lọ bá àwọn ẹnjiníà nísàlẹ̀. Ọláyanjú ṣí ìwé ìlànà. Nínú bàálù, àpótí kan wà tó ń gba gbogbo ohùn tó bá jáde níwájú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wákàtí méjì péré ló lè gbà, tuntun a sì máa pa ti àtijọ́ rẹ́. Ìwé ní bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n fa fíúsì àpótí náà yọ kí ohùn má bàa parẹ́. Awakọ̀ tó bẹ̀rù a máa gbàgbé. Ọláyanjú kò gbàgbé. Ó nawọ́ sókè, ó fa á.

Káptéènì wọlé padà, ó rí i, ó gbá a lẹ́yìn. “Ọmọ gidi. Ẹlòmíì á ti sáré lọ tọ̀.”

Kò tíì pé wákàtí kan àbọ̀ tí wọ́n kúrò lórí ọ̀rọ̀ Ìlọrin. Kò sí ẹni tó rántí nínú wọn. Ẹyẹ ti gba ọkàn méjèèjì.

Nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, Ọláyanjú ń ròyìn ẹyẹ fún Fawziyyah ìyàwó rẹ̀. Ó dé ibi fíúsì, òkèlè sì dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

“Bàbá Diamond, kí ló dé?”

“Kò sí nǹkan.”

Ó mú fóònù, ó wá nọ́ńbà Káptéènì jáde. Ó wò ó títí iná ojú fóònù fi kú. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé àwọn tó ń wádìí ìjàǹbá nìkan ni òfin fún láṣẹ láti gbọ́ ohùn Ìlọrin yẹn. Ó fọwọ́, ó sùn.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Alága ránṣẹ́ pè é. Ó ń bó ọsàn nígbà tí Ọláyanjú wọlé. Ó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́, ohùn Ọláyanjú láti inú àpótí bàálù sì jáde níbẹ̀ kedere: “Ta ni àti ta ni?”

“Ó dáa tó o béèrè,” ni Alága wí. “Èmi náà ti ń fẹ́ béèrè, n ò rí ẹni bi. Wọ́n ní ìwọ náà lo fa fíúsì. Ọlọ́run á bù kún ẹ.”

Ó na ìwé méjì sí i. Èkíní ní Ọláyanjú kì í ṣe ọmọ yúníọ̀nù, kò sì ní jẹ́ ẹ. Èkejì ní ọ̀rọ̀ yúníọ̀nù ni Káptéènì Abíọ́lá ń sọ lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, tí ọkàn rẹ̀ kò fi sí lójú ọ̀nà, tí kò fi rí ẹyẹ.

“Ẹ forí jì mí, sà. Ìsàlẹ̀ ni ẹyẹ yẹn ti wá. Kò sí awakọ̀ tó lè rí i.”

“Mo gbọ́.” Alága já ọsàn sí méjì, ó fi apá kan sórí ìwé ìrìn-àjò Addis tó ní orúkọ Ọláyanjú lára, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Mááṣì. “Jẹ ọsàn.”

Ọláyanjú rántí ọwọ́ bàbá rẹ̀ lórí ìwé-àṣẹ. Ó buwọ́ lu méjèèjì. Ó sì jẹ ọsàn náà.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn méje ti wà nílé. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré: “Ẹ kú iṣẹ́, sà.” Ti Káptéènì Abíọ́lá le ju ìsinmi lọ. Wọ́n ní àìbìkítà ló fà á, wọ́n sì lé e. Awakọ̀ tí wọ́n bá kọ ìyẹn sínú ìwé rẹ̀, kò sí iléeṣẹ́ tí yóò gbà á mọ́.

Ó wá sí Jakande ní àárọ̀ Sátidé kan. Sirajudeen ló fi àkàsọ̀ hàn án. Ọláyanjú ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ó dúró sáàárín rẹ̀.

“Ọjọ́ Túsìdeè ni wọ́n máa tún ẹjọ́ mi gbọ́,” ni Káptéènì wí. “N ò ní kó o sọ̀rọ̀ yúníọ̀nù. Wá sọ ibi tí ẹyẹ ti yọ, kò jùyẹn lọ. Àwa méjì la wà níbẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n, mo ti kọ ohun tí mo kọ.”

“Irọ́ lo kọ.”

“Ẹ̀yin lẹ dárúkọ wọn. Èmi kọ́ ni mo fipá la ẹnu yín.”

Káptéènì wò ó. Ó ṣí fìlà rẹ̀. Irun orí rẹ̀ ti funfun ju bó ṣe wà ní Fẹ́búárì. “Ṣé kí n dọ̀bálẹ̀ fún ẹ ni, Yanjú?”

Ibi tó ti yẹ kí ọmọ Yorùbá ké pé èèwọ̀, kó sì dì mọ́ àgbà náà, ọwọ́ Ọláyanjú wà lára ilẹ̀kùn. Ó ń ro bí ọjọ́ kẹrìnlélógún ṣe kù díẹ̀ tó. Káptéènì dúró de ọ̀rọ̀ tí kò wá. Lẹ́yìn náà ni orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan lára ògiri, níṣojú Sirajudeen tó ti fi irinṣẹ́ sílẹ̀ gòkè tẹ̀lé e. Kí ọwọ́ àgbà tó kan ilẹ̀, Ọláyanjú ti ilẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ náà, Sirajudeen kò pè é ní Páílọ́ọ̀tì mọ́. Kò pè é ní nǹkan kan.

Ó lọ sí Addis, ó pa iná àtọwọ́dá, ó la ìjì àtọwọ́dá kọjá, ó yege. Ìwé-àṣẹ rẹ̀ gba oṣù mẹ́fà mìíràn. Ìrìn àkọ́kọ́ tí wọ́n fún un, Ìlọrin ni, pẹ̀lú Káptéènì Adéyanjú, ẹni tí kò bá yúníọ̀nù ṣe rárá.

Ọláyanjú kí i. Adéyanjú di bẹ́líìtì rẹ̀, ó gbójú sókè sí ibi tí ẹ̀rọ tó ń gba ohùn wà, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa gbọ́ eléyìí lọ́la, ẹ káàárọ̀. Ọláyanjú ni wọ́n fi tì mí lónìí. N ò ní ọ̀rọ̀ kankan bá a sọ.”

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ inú ìwé ìlànà nìkan ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n gbéra. Òkè-Àfá kọjá nísàlẹ̀, Jakande kọjá. Nígbà tí ojú ọ̀run tẹ́jú, Ọláyanjú fi ohùn kékeré sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, mo ra búrẹ́dì àti ẹyin dání. Ṣé kí n bù fún yín?”

Adéyanjú ń wo iwájú.

“Ka èyí tó kàn,” ló wí.

Ọláyanjú gbé ìwé ìlànà, ó sì kà á.